Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n Léèrè: Kí Ni Wọ́n Ti Ṣe sí Fáìlì Yìí?

Lẹ́tà pọ̀ lóṣù yìí, àmọ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń béèrè nípa rẹ̀. HARPS ni. Ẹ̀rọ náà wà lára awò awọ̀nàjíjìn oní-mítà 3.6 ní La Silla, lórílẹ̀-èdè Chile, láti ọdún 2003 ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ńṣe ló máa ń tú ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ sí àwọ̀ àwọ̀, kí a lè mọ bí ìràwọ̀ náà ṣe ń yára bọ̀ lọ́dọ̀ wa tàbí bó ṣe ń yára lọ. Ìyára yẹn là ń pè ní RV. Bí pílánẹ́ẹ̀tì bá ń yí ìràwọ̀ kan po, yóò máa fà á síwájú, yóò máa fà á sẹ́yìn, RV rẹ̀ á sì máa lọ sókè sódò. Ọ̀nà yìí ni Michel Mayor àti Didier Queloz gbà rí 51 Pegasi b lọ́dún 1995, tí wọ́n sì torí rẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2019. Ti 51 Pegasi tóbi: ó lé ní mítà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Júpítà ń fa Oòrùn wa ní nǹkan bíi mítà 12.5. Ayé tiwa yìí ńkọ́? Sẹ̀ǹtímítà 9 péré.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ ṣe ń ka àwọn lẹ́tà yìí. Ẹni tó bá ṣi fáìlì kan lò, àṣìṣe rẹ̀ lè fi ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ju pílánẹ́ẹ̀tì tó ń wá lọ.

Fáìlì márùn-ún, ìràwọ̀ kan

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú ojú ewé yìí, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ físíìsì tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Mo wa dátà ìràwọ̀ kan láti inú àpamọ́ ESO, àjọ awòràwọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù tó ni La Silla, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fọ́tò ìràwọ̀ ni mo ń retí. Nígbà tí mo tú àpò náà, e2ds_A, e2ds_B, s1d_A, ccf_G2_A àti bis_G2_A ni mo bá níbẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ gbogbo wọn sì dọ́gba. Ohun tí mo fi ń wo fọ́tò lórí kọ̀ǹpútà mi kọ̀, kò ṣí wọn. Èwo nínú wọn ni ìràwọ̀ mi?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìwádìí, sà. Gbogbo wọn ni ìràwọ̀ yín, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó jẹ́ fọ́tò rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kan náà ni, iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe sí i lára ni kò dọ́gba. Bí ẹ bá ti mọ ibi tí iṣẹ́ dé lára fáìlì kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé ìmọ́lẹ̀ náà. Ó bọ́ sínú awò, ó wá gba inú okùn dígí tín-ín-rín kan kọjá. Okùn méjì ló wà, A àti B. Ìràwọ̀ ló ni A. Ìmọ́lẹ̀ fìtílà kan tó ní tóríọ́mù àti ágọ́ọ̀nù nínú ló sábà máa ń gba B. Màá padà sórí B nínú lẹ́tà tó ń bọ̀ níwájú. Okùn méjèèjì wọnú àgbá kan tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dànù, tí wọ́n sì ń ṣọ́ ooru ibẹ̀ kó má bàa fi ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún dígírì yí padà. Níbẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti túká sí àwọ̀ àwọ̀, tó sì bọ́ sójú CCD, èyí tí í ṣe ojú tí ẹ̀rọ fi ń ríran. Kò bọ́ síbẹ̀ ní ọ̀já gígùn kan. Ọ̀já 72 ni, ọ̀kan lórí èkejì, láti 378 nm (nanomítà) níbi tí aró ti ń di elésè àlùkò, títí dé 691 nm nínú pupa.

Tí ẹ bá rí àwòrán ọ̀já wọ̀nyẹn, ẹ ti rí fáìlì tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn. Kò sí nínú àpò yín. Èyí tó wà nínú àpò yín ti gba ọwọ́ ètò kọ̀ǹpútà kan kọjá, páípùláìnì là ń pè é láàárín ara wa. Páípùláìnì náà á mú ọ̀já kọ̀ọ̀kan, á ko gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó wà ní fífẹ̀ rẹ̀ jọ sójú kan, ọ̀já á sì di ìlà oní-nọ́ńbà 4096. Ìlà 72, nọ́ńbà 4096 lórí ìkọ̀ọ̀kan: e2ds_A nìyẹn. Ìlà e2ds_B kò ju 71 lọ, torí CCD náà jẹ́ méjì tí wọ́n tò síra, ibi tí wọ́n ti pàdé sì gbé ọ̀já kan mì lára A, ó gbé méjì mì lára B. Mo ti rí ẹni tó fi odindi ọjọ́ kan wá ìlà kejìléláàádọ́rin lára B. Kò sí níbẹ̀.

Ẹ ya ìlà kan nínú e2ds sórí gíráàfù kí ẹ wò ó, sà. Á ga láàárín, á sì dà gẹ̀rẹ̀ létí méjèèjì, bí ẹ̀yìn ìjàpá. Ìrísí yẹn kì í ṣe ti ìràwọ̀ o, ti ẹ̀rọ ni. Inú fáìlì mìíràn tí orúkọ rẹ̀ wà nínú hẹ́dà, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀rẹ̀ fáìlì, ni wọ́n kọ ẹ̀yìn ìjàpá náà sí. Ẹ ní láti fi pín ìlà náà kó tó tẹ́jú.

Wọ́n ti bá yín ṣe ìyẹn nínú s1d. Wọ́n ti yọ ẹ̀yìn ìjàpá kúrò, wọ́n ti so ìlà 72 pọ̀ di okùn kan gbọọrọ, wọ́n sì ti tún un tò kí àlàfo láàárín nọ́ńbà kan àti èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ 0.01 Å géérégé. Å ni Ángsírọ́ọ̀mù, mẹ́wàá rẹ̀ ló ń jẹ́ nanomítà kan. Nọ́ńbà tó wà lórí okùn náà lé ní 300,000. Tí ẹ bá dé àárín 530 sí 533 nm tí ẹ bá òfo, ẹ má rò pé fáìlì bàjẹ́. Ojú ìpàdé CCD méjì nìyẹn. Bí ẹ bá ń wá ohun tí ẹ lè fi han ọmọ-ọmọ yín pé "ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ mi nìyí," s1d ni kí ẹ yà.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ccf. Ìlà dúdú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló wà nínú ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀, ìkan ṣoṣo nínú wọn kò sì tó láti gbé RV tó ṣe é gbára lé jáde. Wọ́n wá ṣe bí ìwé oníhò kan, ihò kọ̀ọ̀kan wà níbi tó yẹ kí ìlà dúdú kan wà. Wọ́n á gbé ìwé náà lé ìmọ́lẹ̀, wọ́n á máa tì í díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa ka iye ìmọ́lẹ̀ tó ń yọ nínú àwọn ihò náà. Bí ihò àti ìlà dúdú bá ṣe ń bára mu sí i ni ìmọ́lẹ̀ á máa dínkù, títí á fi dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ìsàlẹ̀ ọ̀gbun yẹn ni RV ìràwọ̀ yín. G2 tí ẹ rí nínú orúkọ fáìlì ni orúkọ ìwé oníhò tí wọ́n lò, ti ìràwọ̀ tó jọ Oòrùn. K5 àti M2 wà fún àwọn tó tutù ju Oòrùn lọ. Nínú CORAVEL, ẹ̀rọ àtijọ́ tó ṣáájú ELODIE, èyí tí wọ́n fi rí 51 Pegasi b, ojúlówó dígí oníhò ni wọ́n gbé sí ọ̀nà ìmọ́lẹ̀. Nọ́ńbà inú kọ̀ǹpútà ló dà báyìí.

Ẹ jẹ́ kí bis dúró ná. Ó ní lẹ́tà tirẹ̀ nísàlẹ̀.

Ẹ má bínú sí ohun tí ẹ fi ń wo fọ́tò, sà. FITS ni irú fáìlì wọ̀nyí. Láti ọdún 1981 tí wọ́n ti tẹ ìlànà rẹ̀ jáde ni àwọn awòràwọ̀ ti ń lò ó. Ẹ fi ohun tí ẹ fi ń ka ọ̀rọ̀ lásán ṣí i, ẹ óò rí i pé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣe é kà: ọ̀rọ̀ tí wọ́n tò ní lẹ́tà ọgọ́rin ọgọ́rin, 36 irú rẹ̀ nínú búlọ́ọ̀kù kan, tó jẹ́ báìtì 2880. Hẹ́dà nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀, tó máa dà bí ìdọ̀tí lójú yín. Kí ẹ tó yẹ nọ́ńbà kankan wò, ẹ ka hẹ́dà láti òkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó gùn, ó sì súni. Ẹ ṣáà kà á.

Ọjọ́ tí kò bára mu

Ìbéèrè: Orúkọ fáìlì mi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ADP.2014, ṣùgbọ́n ìwé tí mo kà sọ pé 2009 ni wọ́n wo ìràwọ̀ náà. Ṣé fáìlì ẹlòmíì ni wọ́n fún mi?

Ìdáhùn: Tìrẹ ni. Ọjọ́ tí fáìlì wọ inú àpamọ́ ló wà lára orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ADP. Wo DATE-OBS nínú hẹ́dà, ibẹ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n wo ìràwọ̀ wà. Tó bá sì jẹ́ RV lo fẹ́ yà sórí gíráàfù, má lo MJD-OBS, torí ìgbà tí wọ́n ṣí ojú awò ló sọ. DRS BJD ni kí o mú (DRS ni orúkọ páípùláìnì náà): ó ti ka àárín àkókò tí ìmọ́lẹ̀ fi wọlé, ó sì ti gbé aago kúrò lórí Ayé. Ìmọ́lẹ̀ ń lo ìṣẹ́jú mẹ́jọ àti díẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Oòrùn dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí náà aago tó dúró lórí Ayé á máa yá, á máa pẹ́, bí ọdún bá ṣe ń yí.

Èwo ló ń parọ́?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín o. Mò ń kàwé gboyè kejì. Mo mú òru méjì tí wọ́n wo ìràwọ̀ kan náà, mo sì wá ìlà sódíọ̀mù tó wà ní nǹkan bí 5890 Å. Nínú e2ds, ìlà náà fi 0.49 Å sún láti òru kìíní sí ìkejì. Nínú s1d, kò mira. Ṣùgbọ́n àwọn ìlà tín-tìn-tín kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ṣe òdìkejì: wọ́n dúró gbọn-in nínú e2ds, wọ́n wá ń rìn nínú s1d. Èwo nínú fáìlì méjèèjì ló ń parọ́?

Ìdáhùn: Kò sí èyí tó ń parọ́, àbúrò. Ibi tí wọ́n dúró sí wo ìràwọ̀ náà ló yàtọ̀.

La Silla kò dúró sójú kan. Ayé ń gbé e yí Oòrùn po ní nǹkan bíi kìlómítà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì tún ń yí òun fúnra rẹ̀, ìyẹn á fi díẹ̀ kún un, kò tó ìlàjì kìlómítà. Nínú oṣù kan à ń sáré lọ bá ìràwọ̀ náà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà a ti kẹ̀yìn sí i. Inú e2ds ni ìmọ́lẹ̀ wà bó ṣe dé bá wa lórí eré. Nínú s1d, wọ́n ti ṣe é bí ẹni pé àárín gbùngbùn ẹbí Oòrùn la dúró sí, níbi tí eré Ayé kò ti kan ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà tó wà láàárín méjèèjì wà nínú hẹ́dà. Nínú hẹ́dà òru méjì tí o fi ránṣẹ́, mo rí i báyìí:

HIERARCH ESO DRS BERV = 14.2
HIERARCH ESO DRS BERV = -10.8

Mo gé ìyókù nọ́ńbà lẹ́yìn àmì ẹ̀sún. Kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni. Láti 14.2 sí −10.8, 25 ni. Pín 25 pẹ̀lú ìyára ìmọ́lẹ̀, 299,792, fi 5890 sọ ọ́ di púpọ̀, wo ohun tó jáde: 0.49. Ìràwọ̀ rẹ kò ṣe nǹkan kan. Àwa la sáré.

Àwọn ìlà tín-tìn-tín yẹn, omi tó di oru nínú afẹ́fẹ́ ojú ọ̀run tiwa ló fa púpọ̀ nínú wọn. Afẹ́fẹ́ ń bá La Silla rìn, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi sún nínú e2ds. Nígbà tí páípùláìnì ti okùn s1d náà láti fi wo ìràwọ̀ láti àárín, ó ti àwọn ìlà omi náà mọ́ ọn. Bí o bá fẹ́ yọ wọ́n, inú e2ds ni kí o ti yọ wọ́n.

Tó o bá fẹ́ gbé e2ds dé ibi tí s1d wà, fi 1 + BERV/c sọ gígùn ìgbì di púpọ̀; c ni ìyára ìmọ́lẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan. Mo tẹnu mọ́ lẹ́ẹ̀kan nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, mo ní fáìlì s1d 61 ti ìràwọ̀ kan, tí wọ́n kó jọ fún ọdún mẹ́ta. Mo rí BERV nínú hẹ́dà, mo ní, "Áà, wọ́n ní ká fi ṣàtúnṣe nìyí." Mo ṣàtúnṣe ohun tí wọ́n ti tún ṣe. Gíráàfù tó jáde rẹwà débi pé n kò sùn: ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta gbáko, kò sí àmì kan tó yà kúrò lójú ọ̀nà. Ó fi kìlómítà 22 gòkè, ó fi 22 sọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, mo fi yíǹkì pupa kọ "ìràwọ̀ kejì ń fà á" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo gbé e lọ bá ọ̀gá mi ní kùtùkùtù. Ó wò ó. Ó bi mí pé, "Ọjọ́ mélòó ló fi ń yí po?" Mo ní, "Ọjọ́ 365, sà." Ó dá ìwé náà padà fún mi, ó ní, "O kú oríire. Ayé lo rí."

Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Àwọn tí mò ń kọ́ ni mo máa ń fi hàn.

Ohun méjì sí i, kí n tó fi ọ̀rọ̀ rẹ sílẹ̀. Àkọ́kọ́, o béèrè ibi tí gígùn ìgbì e2ds wà, torí o kò rí i nínú fáìlì. Inú hẹ́dà náà ló wà, àmọ́ o ní láti ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ. DRS CAL TH DEG LL á sọ fún ọ pé 3, ìyẹn ni pé nọ́ńbà mẹ́rin ló wà fún ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìlà 72 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 288, wọ́n sì tò wọ́n láti DRS CAL TH COEFF LL0 dé LL287. LL0 sí LL3 ni ti ìlà àkọ́kọ́, LL4 sí LL7 ni ti ìkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ á dá dúró, ìkejì á gba píksẹ́lì, ìkẹta á gba píksẹ́lì lọ́nà píksẹ́lì, ìkẹrin á gbà á lẹ́ẹ̀mẹta; ro wọ́n pọ̀. Láti òdo ni píksẹ́lì ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe láti ọ̀kan. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀kan ti fi píksẹ́lì kan ṣìnà, píksẹ́lì kan lórí HARPS sì jẹ́ nǹkan bíi mítà 800 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fi Júpítà wé e.

Ìkejì, gígùn ìgbì inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n kọ sínú fáìlì wọ̀nyí, kì í ṣe ti ibi tí kò sí afẹ́fẹ́. Tó o bá mú àkójọ ìlà láti ibòmíràn tó jẹ́ ti ibi tí kò sí afẹ́fẹ́, àṣìṣe tó máa jáde yóò tó kìlómítà 83 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn dára, nítorí ó pọ̀ ju ohun tí ojú lè gbójú fò lọ. Àwọn àṣìṣe kéékèèké ni kí o máa bẹ̀rù.

Ìlà kẹtàléláàádọ́rin

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe, n kò kọ́ nípa ìràwọ̀. Mò ń bá ọ̀rẹ́ mi kọ ètò tó ń ka ccf. Ìlà 72 ló wà nínú e2ds, 73 ló wà nínú ccf. Mo ro gbogbo 73 pọ̀, mo wá ìsàlẹ̀ ọ̀gbun náà, RV tó jáde sì bá ti hẹ́dà mu. Ṣé kò séwu? Ẹ̀ẹ̀kejì, mo rí DRS CCF RV àti DRS CCF RVC. Èwo ni kí n mú?

Ìdáhùn: Ewu wà, ó kàn fara pamọ́ ni. Ìlà tó gbẹ̀yìn, data[72] nínú Python, ni àpapọ̀ 72 tó ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí o ro 73 pọ̀, o ka gbogbo ìmọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìrísí ọ̀gbun kò yí padà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò kúrò níbi tó wà, ìdí nìyẹn tí RV fi bára mu. Àmọ́ bí ètò rẹ bá ń ti ara iye ìmọ́lẹ̀ ṣírò bí àṣìṣe ṣe lè tó, yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ tó wọlé jẹ́ ìlọ́po méjì. Níbi tó yẹ kó sọ mítà 1, yóò sọ 0.7. Ọ̀rẹ́ rẹ á wá máa fi ìgboyà tí kò ní kéde pílánẹ́ẹ̀tì. Mú ìlà tó gbẹ̀yìn, fi ìyókù sílẹ̀.

RVC ni kí o mú, okùn B sì ni ìdí. Bí wọ́n ṣe ṣọ́ àgbá yẹn tó, ẹ̀rọ ṣì máa ń sún díẹ̀ díẹ̀ lóru. Ìmọ́lẹ̀ fìtílà inú B kò ní ìdí láti sún, nítorí náà bó bá sún, ẹ̀rọ ló sún. Páípùláìnì á wọn ìyẹn, á sì yọ ọ́ kúrò lára RV ti A. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni RVC. Ṣùgbọ́n wo DPR TYPE ná. Bí o bá rí WAVE níbẹ̀, fìtílà wà nínú B. Bí o bá rí SKY, ojú ọ̀run lásán ni B ń wò, kò sì sí ìsún tí wọ́n wọ̀n lóru yẹn.

O kò béèrè èyí, àmọ́ mo mọ̀ pé yóò dé bá ọ: kìlómítà ni wọ́n fi kọ RVC, mítà ni wọ́n fi kọ DRS DVRMS, tó sọ bí àṣìṣe ṣe tó. Ọwọ́ kan náà ló kọ méjèèjì sínú hẹ́dà kan náà o! Èmi ò mọ ohun tó mú wọn ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá yà wọ́n pọ̀ láìyí ọ̀kan padà á rí ọ̀pá àṣìṣe tó ga ju ojú ìwé lọ.

Ohun mìíràn: bí fáìlì rẹ bá ti ọdún 2014 dé 2016, wàá rí i pé RV fò ní àárín ọdún 2015. Wọ́n pààrọ̀ okùn dígí HARPS nígbà náà, fífò náà kò sì dọ́gba fún gbogbo ìràwọ̀. Má ṣe wá nọ́ńbà kan tí wàá fi tì í padà. Kà á sí ẹ̀rọ méjì, kí o jẹ́ kí ètò rẹ wá àlàfo náà fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́fà

Ìbéèrè: Mo ti ṣe gbogbo ohun tí ẹ ti ń sọ látẹ̀yìnwá. RVC ni mo lò, BJD ni mo lò, ṣáájú 2015 ni gbogbo rẹ̀. RV ìràwọ̀ mi ń lọ ó ń bọ̀ ní ọjọ́ mẹ́fà mẹ́fà. Pílánẹ́ẹ̀tì ni, àbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ àbàwọ́n.

Àbàwọ́n dúdú máa ń wà lójú ìràwọ̀ bó ṣe ń wà lójú Oòrùn. Ìràwọ̀ ń yí, ìdajì rẹ̀ kan ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ìdajì kejì ń lọ. Tí àbàwọ́n bá bo apá tó ń bọ̀, ìmọ́lẹ̀ tó ń lọ ló máa borí, RV á gòkè. Tó bá yí dé òdìkejì, RV á sọ̀. Kò sí pílánẹ́ẹ̀tì kankan níbẹ̀, síbẹ̀ gíráàfù á máa mì bí ẹni pé ó wà. HD 166435 ṣe é bẹ́ẹ̀: RV rẹ̀ ń mì ní nǹkan bí ọjọ́ 3.8, gbogbo rẹ̀ jọ pílánẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún 2001, Queloz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ìràwọ̀ náà ló ń dá ara rẹ̀ mì.

Ohun tí fáìlì bis wà fún nìyí. Pílánẹ́ẹ̀tì á gbé odindi ọ̀gbun ccf kúrò níbi kan lọ síbòmíràn, kò ní yí ìrísí rẹ̀ padà. Àbàwọ́n ò lè gbé e; ṣe ló máa tẹ̀ ẹ́. Nínú bis, wọ́n ti fa ìlà kan gba àárín ọ̀gbun náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì wọn bí òkè ìlà náà ṣe yà kúrò lára ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà náà wà nínú hẹ́dà, DRS BIS SPAN ló ń jẹ́, kìlómítà ni. Kọ ọ́ sílẹ̀ fún gbogbo òru, yà á lòdì sí RVC. Bí àwọn àmì bá fọ́n káàkiri láìní ọ̀nà kan tí wọ́n dorí kọ, ìrètí ṣì wà. Bí wọ́n bá tò láti òkè apá òsì lọ sí ìsàlẹ̀ apá ọ̀tún, àbàwọ́n ni kí o kọ́kọ́ fura sí.

Òru mélòó lo ní? Lẹ́tà rẹ kò sọ. Kọ RVC, DVRMS, BIS SPAN àti BJD wọn sí òpó mẹ́rin, ìlà kan fún òru kan, kí o fi ránṣẹ́ sí mi kí oṣù yìí tó parí. Màá yà á, màá sì sọ ohun tí mo rí fún ọ nínú ìwé tó ń bọ̀. Má fi s1d ránṣẹ́ sí mi o.